KÌ Í ṢE SÁTÁNÌ LÓ YỌ EYÍN YẸN



Eyín òsì ló ń dun ìyá kan nínú ìjọ wa. T'ọ̀tún ni wọ́n yọ! Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, àwọn kan ti ń sọ fún un pé ọ̀tá ilé bàbá ẹ̀ ni. Irọ́ ni o! Ẹni tó yọ ọ́ ni ò wo káàdì dáadáa. Ọwọ́ òsì yín ló bọ́ sí ọ̀tún dọ́kítà tó dojú kọ yín. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé. Eyín àgbàlagbà tí wọ́n bá sì ti ṣì yọ, kì í hù mọ́.

Lọ́dún 2008, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé kan jáde fún àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ: nǹkan 19 tí wọ́n á máa kà sókè, tí wọ́n á máa yẹ̀ wò. Ta ni aláìsàn yìí? Ibo la fẹ́ ṣe lára ẹ̀? Oògùn wo lara ẹ̀ kọ̀? Ṣé ti eyín wá kéré ju ìyẹn lọ ni?

Ẹ gbàdúrà kẹ́ ẹ tó jókòó lórí àga wọn, èmi náà ń gbà á. Àmọ́ kí abẹ́rẹ́ tó wọlé, ẹ fìka kan eyín ọ̀hún, kẹ́ ẹ ní, "Dọ́kítà, ẹ jọ̀ọ́, èwo lẹ fẹ́ yọ?" Tó bá bínú, ẹ dìde ńbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, èmi àti ìyá yẹn jọ ń padà lọ. Òróró nìkan kọ́ ni mo ń mú lọ o, káàdì ẹ̀ náà wà lọ́wọ́ mi.