Ta Ni Yóò San Owó Iṣẹ́ Ọdún Tí Ń Bọ̀?

Bí ilé iṣẹ́ kan bá lé ọmọ Aráròmí ẹni ọdún 30 dànù nítorí ẹ̀yà rẹ̀, èló ni ó jẹ ẹ́? Ìdáhùn tí àwọn ilé ẹjọ́ Nàìjíríà ti ń fún òṣìṣẹ́ tí wọ́n lé lọ́nà àìtọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ kò gùn: owó oṣù àkókò ìkìlọ̀ ni. Abala 11 nínú Òfin Òṣìṣẹ́ sì sọ pé ìkìlọ̀ oṣù 1 ni ti ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún 5 sókè. Ọdún 30 tí ó kù kí ó tó fẹ̀yìntì ńkọ́? Òkun ti gbé e lọ nìyẹn, bí ó ti gbé ilé àwọn ará Ayétòrò lọ.

Ẹjọ́ ìyàsọ́tọ̀ kì í ṣe ẹjọ́ ìkìlọ̀. Ẹni tí wọ́n lé nítorí ẹ̀yà, ẹ̀sìn tàbí oyún pàdánù ìgbéga, owó ìfẹ̀yìntì àti orúkọ rẹ̀. Ní 2009, nínú ẹjọ́ Chagger àti báǹkì Abbey National, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Lọ́ńdọ̀nù gbà pé bí àwọn agbanisíṣẹ́ mìíràn bá ń sá fún ènìyàn nítorí pé ó pe ọ̀gá rẹ̀ lẹ́jọ́, ọ̀gá náà lè san àdánù yẹn pẹ̀lú. Iṣẹ́ kì í ṣe ohun kékeré létíkun Ìlàjẹ: ní May 1998, ó wà lára ohun tí àwọn ènìyàn lọ bèèrè lọ́wọ́ Chevron ní Parabe, ẹ̀mí méjì sì bá a lọ.

Àwọn agbẹjọ́rò agbanisíṣẹ́ a máa ní ta ló mọ ọ̀la. Àwáwí ni. Owó oṣù tí òṣìṣẹ́ kò tíì gbà ni báǹkì ń wò kí ó tó yá a lówó. Ẹni tí ó ta ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi láwìn fún apẹja, ẹja tí ó ṣì wà nínú ibú ni ó gbójú lé. Kí ilé ẹjọ́ wo owó oṣù òṣìṣẹ́ náà, bí àwọn tí wọ́n jọ wọṣẹ́ ṣe gòkè sí, ọdún ìfẹ̀yìntì, àti ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún tí òfin 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ máa dá sí owó ìfẹ̀yìntì. Kí wọ́n yọ ohun tí ó lè rí níbi iṣẹ́ mìíràn kúrò, kí wọ́n sì dín díẹ̀ kù, nítorí owó ọjọ́ iwájú ni ó ń gbà lónìí. (Kí òun náà tọ́jú gbogbo lẹ́tà ìwáṣẹ́ rẹ̀, wọn yóò bèèrè.)

Ìwé owó oṣù àti ìwé ìgbéga wà lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́. Àtúnṣe kẹta sí òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti fún ilé ẹjọ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ láṣẹ láti wo bí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe ń ṣe é. Abala 167 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 sì gbà kí adájọ́ ka ìwé tí ènìyàn fi pamọ́ sí ohun tí yóò ta ko onítọ̀hún. Kí wọ́n pàṣẹ pé kí agbanisíṣẹ́ kó ìwé wọ̀nyí jáde. Bí ó bá kọ̀, kí wọ́n gba ìṣirò òṣìṣẹ́ wọlé.