ÌWÉ ORÍ FÓÒNÙ KÌ Í ṢE ÈÈWỌ̀, OLÈ NI ÈÈWỌ̀



Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ní Bọ́ládé, Òṣòdì, àwọn tí ń ta ìwé ẹ̀sìn a máa pàtẹ sí ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí. Ọ̀dọ́ Mùsùlùmí a gbé ìwé kan, a wo àkọlé rẹ̀, a sì dá a padà. Kì í ṣe pé kò fẹ́ ẹ. Ó mọ̀ pé kí ìrun Àsárì tó tó, ẹnìkan yóò ti fi í ránṣẹ́ sí òun lórí WhatsApp, lọ́fẹ̀ẹ́.

Èyí kọ́ ni àwọn àgbà kan ń bínú sí o! Wọ́n ní kíka Àlùkùráánì lórí fóònù ni àdádáálẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Nígbà tí Zayd ọmọ Thabit ṣa Àlùkùráánì jọ láyé Sàyídínà Abu Bakr, ara imọ̀ dàbínù, òkúta pẹlẹbẹ àti ọkàn àwọn sàhábà ni ó ti ṣà á. Ní Istanbul, ọdún 1727 ni ọba Tọ́kì tó fún Ibrahim Müteferrika láṣẹ ìtẹ̀wé, àṣẹ náà kò sì kan ìwé ẹ̀sìn. Lónìí, ta ni yóò pe Àlùkùráánì tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní àdádáálẹ̀? Ilé ìtẹ̀wé Ọba Fahd ní Mẹ̀dínà, tí a ṣí ní 1984, ń tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, ó sì ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ohun tí ó yẹ kí wọ́n pariwo lé lórí, wọ́n dákẹ́. Àáfà kan jókòó lóru, ó kọ ìwé, ó yá owó, ó gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Ẹnìkan ra ẹyọ kan, ó fi fóònù ya gbogbo ojú ewé rẹ̀, ó sọ ọ́ di PDF, ó sì pín in fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn "nítorí Ọlọ́hun". Sùbúhánálláhì! A ha ń fi ohun olóhun ṣe sàdákà bí?

Wọ́n ní a kì í fi ìmọ̀ pamọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n owó pépà kọ́ ni ìmọ̀. Ní December 1988, ní Kuwait, Ìgbìmọ̀ Fíkíhì Àgbáyé tí ó fi Jíddà ṣe ibùjókòó pinnu pé ṣẹ́ríà dáàbò bo ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé Nàìjíríà ti 2022, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní 2023, mú ìwé orí ẹ̀rọ mọ́ra pẹ̀lú.

Ọ̀nà Agege Motor Road tí ó gba Bọ́ládé kọjá náà ni ó lọ sí Agége, níbi tí Sheikh Adam Abdullah Al-Ilory gbé Markaz rẹ̀ lọ ní 1955, tí ó sì ń kọ ìwé títí ó fi di olóògbé ní 1992. Bí ẹni tí ó ra ìwé rẹ̀ kan bá ti ń pín in báyìí láyé rẹ̀, kí ni ì bá fi tẹ èkejì?

Ìwé tí olówó rẹ̀ fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ń ra dátà lójoojúmọ́ kò sì lè ní òun kò rí owó ìwé. Kí àwọn àáfà máa ta ti orí fóònù pẹ̀lú ti pépà, kí wọ́n kọ iye owó rẹ̀ sí i. Ọ̀dọ́ tí èyí tí kò sanwó rẹ̀ bá wà lórí fóònù rẹ̀, kí ó wá òǹkọ̀wé rí, kí ó sì san án kí Jímọ̀ mìíràn tó dé.