Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń jẹ́ orúkọ ilé wa ni ará ilé

Bí wọ́n bá ti dárúkọ jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ọmọ Yahoo àti EFCC ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. A kì í béèrè pé ta ló ṣílẹ̀kùn fún olè. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwa fúnra wa ni.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣojú mi. Ilé iṣẹ́ kan tí mo bá ṣiṣẹ́ nígbà kan ní server ímeèlì tiwọn. Asẹ́ kan wà lórí ẹ̀ tó ń yẹ lẹ́tà wò, tó ń da èyí tó bá jọ ti gbájúẹ̀ sínú àpótí spam. Ṣùgbọ́n asẹ́ yìí ò mojú ẹnikẹ́ni. Akáńtà fìwé owó oṣù ránṣẹ́ sí ọ̀gá, inú spam ló lọ. Wọ́n pe ìpàdé pàjáwìrì, èèyàn méjì péré ló yọjú, torí spam ti gbé ìwé ìpè mì. Inú bí ọ̀gá. Ó ní, "Kí lẹ tiẹ̀ ń yẹ lẹ́tà tiwa wò fún? Ẹ jẹ́ kí ti ilé máa kọjá!"

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá ò burú o. Lẹ́tà tó kúrò lórí tábìlì kan lọ sórí ìkejì nínú ọ́fíìsì kan náà, kí la fẹ́ máa gbọ̀n ọ́n wò fún? Ọ̀nà tí ọmọ kọ̀ǹpútà wọn gbé e gbà ló burú. Ó mú orúkọ ilé iṣẹ́, ìyẹn èyí tó ń tẹ̀lé àmì @ nínú àdírẹ́sì, ó kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ àwọn tí asẹ́ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Lẹ́tà yòówù tó bá ti ń jẹ́ orúkọ yẹn, ọ̀nà ti là fún un.

Kò tó oṣù méjì tí lẹ́tà kan fi dé ọ̀dọ̀ akáńtà. Orúkọ ọ̀gá ló wà lórí ẹ̀: kó san owó ọjà sínú àkáǹtì tuntun kan kíá, òun wà nípàdé, kó má pe òun. Ó sanwó. Ọ̀gá ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, ìta ni lẹ́tà náà ti wá. Owó ò padà mọ́, akáńtà ni wọ́n sì lé dànù. Ẹni tó ṣílẹ̀kùn wà níbi iṣẹ́ ẹ̀.

Ibi tọ́rọ̀ wà nìyí. Orúkọ tó wà níwájú ímeèlì ò yàtọ̀ sí èyí téèyàn kọ sẹ́yìn àpòòwé. Ohun tó bá wu oníkálukú ló lè kọ síbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣètò ìlànà tí ímeèlì fi ń rìn láti ọdún 1982 nìyẹn, kò béèrè ẹ̀rí orúkọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Tá a bá fẹ́ kí lẹ́tà ilé fo asẹ́, ibi tó ti wá ni ká wò, kì í ṣe orúkọ. Ṣé kọ̀ǹpútà inú ọ́fíìsì ló fi í ránṣẹ́, àbí ẹni tó fi pásíwọ́ọ̀dù tiẹ̀ wọlé? Àwọn tó ń lo Postfix máa ń kọ nọ́ńbà kọ̀ǹpútà ilé sí ìlà tí wọ́n ń pè ní mynetworks. Ẹni tó bá wá fi amavis kún un lè ní kó fo yíyẹ spam wò fún àwọn yẹn nìkan. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà yín ń fi nọ́ńbà tiẹ̀ bo ti àwọn tó ń bọ̀ láti ìta, tẹ́ ẹ sì ka nọ́ńbà yẹn mọ́ ará ilé, gbogbo ayé ti di ará ilé nìyẹn.

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Olè lè jí pásíwọ́ọ̀dù òṣìṣẹ́ kó sì máa ránṣẹ́ láti inú ilé. Nítorí náà, bá a tiẹ̀ fo ti spam, ká má fo yíyẹ fáírọ́ọ̀sì wò. Èyí tó bá sì wá láti ìta tó ń jẹ́ orúkọ wa, ká dá a padà. Iṣẹ́ tí SPF, DKIM àti DMARC ń ṣe nìyẹn. Láti oṣù kejì ọdún 2024 ni Google àti Yahoo ti ń fi dandan béèrè wọn lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ímeèlì tó pọ̀ gan-an ránṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ọmọ kọ̀ǹpútà nìkan. FBI ní owó tí irú jìbìtì yìí gbé lọ nínú ẹjọ́ tó dé ọ̀dọ̀ àwọn lọ́dún 2023 lé ní bílíọ̀nù 2.9 dọ́là. Ramon Abbas tá a mọ̀ sí Hushpuppi, tí ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà rán lẹ́wọ̀n ọdún mọ́kànlá ó lé lọ́dún 2022, owó irú ẹ̀ wà lára èyí tó bá wọn fọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé iṣẹ́, ilé ìwé àti ìjọ, ẹ béèrè ìbéèrè kan lọ́wọ́ ọmọ kọ̀ǹpútà yín lónìí: ṣé orúkọ lo fi ń mọ ará ilé wa, àbí ibi tó ti wá? Ẹ sì sọ fún akáńtà yín pé bí wọ́n bá ní kó yí àkáǹtì tó fẹ́ sanwó sí padà, kó pè yín lórí fóònù, bí ẹ bá tiẹ̀ wà nípàdé. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ ibẹ̀.