Ọpọ́n Ayò Kì Í Ṣe Ohun Ọ̀ṣọ́ Lásán

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ọpọ́n ayò àtijọ́ ni wọ́n ń wá kiri. Wọ́n á rà á lówó gọbọi, wọ́n á fi ṣe ọ̀ṣọ́ sí pálọ̀. Èyí kò burú. Ohun tó dùn wá ni pé ọmọ ayò kì í sí nínú ọpọ́n náà, ẹni tó ni ín kò sì mọ̀ ọ́n ta.

Irú rẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà. Ní 1951, ilé iṣẹ́ Topps tẹ káàdì tó ní àwòrán àwọn tó ń ṣe baseball, eré bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi igi gbá. Oríṣi méjì ni, ẹlẹ́yìn pupa àti ẹlẹ́yìn búlúù, 52 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ lórí pápá sára káàdì kọ̀ọ̀kan, kí ọmọdé lè máa ṣí i lórí tábìlì bí ẹni wà lórí pápá. Lónìí, inú ike ni àwọn tó ń kó wọn jọ ń tọ́jú wọn sí. Èyí tí wọ́n ti fi ṣeré títí etí rẹ̀ fi gbó, owó rẹ̀ a wálẹ̀. Bẹ́ẹ̀, eré ni wọ́n ṣe é fún!

Àpẹẹrẹ kò jìnnà sí àwa ará Jos. Bernard Fagg dá ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ níbí ní 1952, ó sì kó àwọn ère amọ̀ Nok tí àwọn awakùsà hú jáde síbẹ̀. Ère wà o, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ní pàtó ohun tí àwọn tó mọ wọ́n ń fi wọ́n ṣe? Ohun kù, ìmọ̀ lọ.

Ayò kò tí ì débẹ̀. Ojú 12, ọmọ 48, mẹ́rin-mẹ́rin lójú kọ̀ọ̀kan: ìwé lè kọ́ wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìgbà tó yẹ ká kó odù jọ, ìgbà tó yẹ ká tú u, àti ẹ̀fẹ̀ tí ọ̀ta fi ń dá òpè lágara, ìdí ọpọ́n la ti ń kọ́ wọn lẹ́nu àgbà. Fún àwa tí a ti ń fi Hausa nájà láti kékeré, ilé ẹ̀kọ́ Yorùbá tí kò gbowó ni ìdí ọpọ́n.

Ẹ ní ọpọ́n àtijọ́ lè bàjẹ́? Ẹ gbé e sókè, kí ẹ ra tuntun fún títa. Ẹni tí kò lówó, kó gbẹ́ ihò 12 sílẹ̀, kó ṣa òkúta wẹ́wẹ́ 48. Òkúta kò wọ́n ní Jos.