Ẹ Kú Oríire Ọjọ́ Mẹ́fà: Ìkíni Láti Kútọnu fún Michael Watson

Ìlù ló yẹ kó máa dún ní Kútọnu lónìí, 19 oṣù Kẹrin. Ní irú ọjọ́ òní lọ́dún 2003, ọkùnrin kan tí àwọn dókítà rò pé kò ní yè é, tí wọ́n tún rò pé bó bá tilẹ̀ yè é kò ní rìn mọ́, fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kọjá ìlà ìparí eré màrátọ́ọ̀nù London. Michael Watson ni orúkọ rẹ̀. Kìlómítà 42 àti díẹ̀ ni ọ̀nà náà. Ẹni tó bá gbéra láti Kútọnu títí dé Ouidah ti rìn tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà ni Watson fi rìn ín, inú mi sì ń dùn sí ọjọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà náà bí ẹni pé èmi ni mo bí i. Gbogbo ilé tí ẹnì kan ti fi orí sọlẹ̀ lórí alùpùpù ní ìlú wa yìí, ẹ jáde síta, ọjọ́ ọdún tiyín náà nìyí.

Ìlú London ni wọ́n bí Watson sí, ní àdúgbò Hackney, ní 1965. Abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ni, àwọn tó mọ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn sì ń bọ̀wọ̀ fún un gidigidi. Ní alẹ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1991, òun àti Chris Eubank kojú ara wọn ní pápá White Hart Lane nítorí bẹ́líìtì àgbáyé WBO. Watson ló ń lékè. Ní ìpele kọkànlá, ó gbá Eubank lulẹ̀. Eubank dìde, ó sì fi ẹ̀ṣẹ́ kan gbé e lágbọ̀n láti ìsàlẹ̀. Orí Watson fì sẹ́yìn, ó lọ lu okùn tó yí ibi ìjà ká. Ó jáde fún ìpele kejìlá, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí rẹfirí fi dá ìjà dúró. Lẹ́yìn náà ni ó ṣubú lulẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú orí ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, torí ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ ní ìkóríta Étoile Rouge ní Kútọnu níbí tí alùpùpù méjì bá kọlu ara wọn. Ọpọlọ rọ̀ bí ẹ̀kọ, inú omi ni ó sì ń léfòó nínú agbárí. Bí orí bá fì lójijì tí ó sì dúró lójijì, agbárí á dúró, ọpọlọ ò ní tíì dúró. Á lọ kọlu egungun níwájú, á tún padà wá kọlu èyí tó wà lẹ́yìn. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tíntìntín á já. Ẹ̀jẹ̀ á máa kóra jọ níbi tí kò sí àyè fún un, á sì máa tẹ ọpọlọ mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó ṣubú fi lè dìde, kó gbọn eruku aṣọ rẹ̀, kó ní kò sóhun tó ṣe òun, kó tilẹ̀ san owó zémidjan (alùpùpù akérò), àmọ́ nígbà tó bá máa di ìrọ̀lẹ́ kó máa bì, kí orí máa fọ́ ọ, kó sùn, kí wọ́n máa jí i kó má jí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá fi orí sọlẹ̀ tí èébì tàbí oorun tí kò yé ni bá tẹ̀ lé e, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe ní kó kọ́kọ́ sinmi.

Àkókò gan-an ni wọn kò rí lò dáadáa fún Watson. Ètò ìgbàlà ẹ̀mí tó wà létí ibi ìjà kò péye. Ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ kò ní ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọpọlọ, kí wọ́n tó wá gbé e dé St Bartholomew's. Ogójì ọjọ́ ni kò fi mọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ òun. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni dókítà Peter Hamlyn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Nígbà tó lajú, kò lè sọ̀rọ̀, kò lè rìn, ọ̀pọ̀ ọdún ni ó sì fi wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ. Ó pe ẹgbẹ́ tó ń bójú tó ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ní Bìrìtìkó lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì dá a láre ní ọdún 2000 pé ó yẹ kí ìtọ́jú tó péye ti wà létí ibi ìjà kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọwọ́ sókè. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kan ẹ̀ṣẹ́ lónìí tí dókítà, atẹ́gùn ìmí àti ọkọ̀ ilé ìwòsàn ń dúró dè létí okùn, ẹ kú oríire ẹjọ́ Watson.

Ó wá ku ìrìn náà. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin 2003, Paula Radcliffe sá eré màrátọ́ọ̀nù London ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 15 àti ìṣẹ́jú àáyá 25. Kò sí obìnrin tó tíì sá a yára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé nígbà náà. Ọ̀nà kan náà ni Watson gbà. Wákàtí méjì ní òwúrọ̀, wákàtí méjì ní ọ̀sán, á sì lọ sùn nínú bọ́ọ̀sì tó ń tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ kejì, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró sí. Àwọn yòókù ti gba àmì ẹ̀yẹ wọn, wọ́n ti padà sẹ́nu iṣẹ́, àwọn ọkọ̀ ti gba títì wọn padà, òun ṣì ń bọ̀. Ẹ fojú inú wò ó: ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́ràn tán, tó jẹ́ pé ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó gbọ́dọ̀ rò kí ó tó gbé e, tó sì ń gbé e ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ìgbà. Ó ń kó owó jọ fún Brain and Spine Foundation, àjọ tí Hamlyn dá sílẹ̀ nítorí àwọn tí ọpọlọ tàbí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn fara gbọgbẹ́. Owó náà ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ju owó lọ ni pé fún ọjọ́ mẹ́fà, gbogbo Bìrìtìkó rí ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ fara gbọgbẹ́ ní gbangba, lójú títì, tó ń ṣe ohun ńlá. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í sábà hàn síta. Yàrá ẹ̀yìn ni àwa máa ń fi wọ́n sí.

Chris Eubank wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tó ń parí ìrìn náà, Hamlyn náà sì wà níbẹ̀. Ẹni tó kan ẹ̀ṣẹ́ yẹn àti ẹni tó la agbárí rẹ̀ kó lè yè, àwọn méjèèjì bá a rìn. Mo kí Watson fún ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì tún kí i fún ọkàn rẹ̀, nítorí ó ti dárí ji Eubank pátápátá, wọ́n sì di ọ̀rẹ́. Eubank náà, ẹ kú ìdúrótì. Ó rọrùn kí èèyàn sá fún ẹni tó ti fara gbọgbẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 2004, Watson gba oyè MBE, oyè náà sì tọ́ sí i.

Mi ò lè kí oníṣẹ́ abẹ London kí n gbàgbé tiwa. Ọmọ ìlú Àwẹ́ ni Látúndé Odeku, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Ó kọ́ iṣẹ́ náà ní Amẹ́ríkà, ó sì padà wálé ní 1962 láti dá ẹ̀ka rẹ̀ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn UCH Ìbàdàn. Ó tún ń kọ ewì. Ikú mú un lọ ní 1974, kò tíì pé ẹni àádọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n àwọn tó kọ́ níṣẹ́ tún kọ́ ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń rìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá lónìí pẹ̀lú àpá gígùn lábẹ́ irun wọn, ọwọ́ Odeku ni ìwòsàn wọn ti ṣàn wá. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọmọ Odeku. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti dókítà ní ilé ìwòsàn CNHU Hubert Koutoukou Maga níbí ní Kútọnu, tó ń gba àwọn tí alùpùpù dá lulẹ̀ wọlé tọ̀sán tòru, ẹ kú àìsùn.

Ta ni kò mọ bí títì Kútọnu ṣe rí ní aago méje àárọ̀? Ẹ̀wù ofeefee àwọn ọlọ́kọ̀ zémidjan á ti gba ojú ọ̀nà láti Vêdoko títí dé afárá. Alùpùpù ló ń gbé wa lọ sí ọjà Dantokpa, òun ló ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé, òun ló ń gbé aboyún lọ sílé ìwòsàn. Mi ò ní bú ohun tó ń bọ́ ọ̀pọ̀ ilé. Mo tilẹ̀ ní oríire kan láti kí: ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló ń dé akoto báyìí, káàsìkì bí ará Kútọnu ṣe ń pè é. Ẹ káre. Àwa tí a jókòó lẹ́yìn ló kù. Gèlè ni a dé. Ọmọ tí a há sáàárín kò dé nǹkankan. Àwọn onímọ̀ ti kó ìwádìí jọ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, wọ́n sì rí i pé akoto ń dín ewu ikú kù ní ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún fún ẹni tí jàm̀bá alùpùpù bá ṣẹlẹ̀ sí, ó sì ń dín ìfarapa orí kù ní ìdá 69. Fóòmù inú rẹ̀ ló ń fọ́ dípò agbárí. Ṣùgbọ́n ó di dandan kí wọ́n de okùn rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á ti fò lọ kí orí tó kan ilẹ̀. Èyí tó bá sì ti gba ìkọlù rí, ẹ sọ ọ́ nù.

Bàbá kan wà ní àdúgbò wa ní Akpakpa tí wọ́n ń wa zémidjan tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ kan gbá wọn lóru lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́. Nígbà tí wọ́n padà wálé láti ilé ìwòsàn, wọn ò lè dá dìde lórí ẹní, orúkọ àkọ́bí ni wọ́n sì fi ń pe àbíkẹ́yìn. Inú tètè ń bí wọn, ẹni tí kì í bínú rí. Àwọn kan ní ayé ló ń ṣe wọ́n. Ìyàwó wọn kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó gba ọ̀já mọ́ ọkọ rẹ̀ nídìí, ó di etí ọ̀já mú láti ẹ̀yìn, wọ́n sì kọjú sí òpó iná àkọ́kọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Òpó kan yẹn gba gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn ọmọ á sáré ṣíwájú, wọ́n á fọwọ́ kan òpó, wọ́n á máa pariwo pé, “Bàbá, ó ku díẹ̀!” Ìyá wọn kì í pariwo ní tirẹ̀. “Ẹ tún sún díẹ̀ sí i, baálé mi. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.” Nígbà tó yá, ó di òpó kejì. Ó di ẹ̀kẹta. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹsẹ̀ rìn dé mọ́ṣáláṣí tí wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn padà, àwọn ìyá alákàrà tó wà ní ìkóríta dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, ọ̀kan nínú wọn sì di àkàrà gbígbóná lé bàbá lọ́wọ́, kò gba kọ́bọ̀.

Ẹ sọ fún mi, kí ni ìyàtọ̀ òpó iná Akpakpa àti títì London? Mo rí i pé iṣẹ́ kan náà ni. Àgbà eléré ìje ni bàbá yìí, ẹgbẹ́ Watson ni wọ́n, ọdún wọn ni a ń ṣe lónìí. Ìyàwó tó di ọ̀já mú ló yẹ kí ìlú fi oyè dá lọ́lá.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni Kútọnu máa ń ṣe eré ìdárayá. Àwọn kan á máa yí pápá Mathieu Kérékou po ní Kouhounou, àwọn kan á wà ní etíkun Fidjrossè, àwọn kan á wà lójú Boulevard de la Marina, níwájú ère Amazone tí wọ́n ṣí ní 2022, tí gíga rẹ̀ tó mítà 30. Ẹ kú ìgbádùn ìlera. Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan sí yín. Ẹ̀yin tí ẹsẹ̀ yín yá, ẹ yọ̀ǹda ọjọ́ Àìkú kan fún eré tí kò ní yára. Ẹ lọ mú ẹni tí orí rẹ̀ fara pa ní àdúgbò yín jáde, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ arọ rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀já ìyàwó rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó rìn dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, kí ẹ sì rìn bí ó ṣe ń rìn. Kí olúkúlùkù fi iye tó bá wù ú sílẹ̀ fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan, kí a fi ra akoto fún àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń jókòó lẹ́yìn bàbá wọn, kí a sì fi san owó àwọn tó ń bá aláìsàn na apá àti ẹsẹ̀. Bí ẹnì kan bá rìn dé òpó kan péré lọ́jọ́ náà, kí a ki oríkì rẹ̀.

Bàbá Akpakpa ti ní àwọn ń bọ̀. Èmi á gbé omi wá. Ẹ̀yin onílù, ẹ má ṣe pẹ́ o, ẹni tí a fẹ́ lùlù fún á ti gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́.