Ẹnu Ìyá, Eyín Ọmọ

Ọ̀rọ̀ eyín àwọn ọmọ wa ni mo bá wá lóṣù yìí, mi ò sì ní fi dídùn bò ó. Ọ̀pọ̀ ìyá nínú ẹgbẹ́ wa níhìn-ín ní London mọ ewé ju eyín lọ. Ẹni tó lè ka ewé ibà méje láìsinmi, ẹ bi í pé ìgbà wo ló yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ sí í fọ eyín ọmọ. Yóò ní, "Nígbà tó bá lè di búrọ́ọ̀ṣì mú." Ó ti pẹ́ jù. Ọjọ́ tí eyín kìíní bá yọ, bí oṣù 6, ni fífọ̀ bẹ̀rẹ̀.

"Ṣebí eyín ọmọdé ni, á ká." Òótọ́ ni, gbogbo 20 ni yóò ká. Ṣùgbọ́n àwọn ti ẹ̀yìn lè wà níbẹ̀ títí ọmọ fi pé ọdún 10 sí 12, àwọn ló sì ń di àyè mú fún eyín àgbà. Bí a bá fà wọ́n ṣáájú àsìkò, àwọn tó kù á sún sí àlàfo náà, eyín àgbà á yọ ní wíwọ́. Ní England, ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, eyín jíjẹrà ló ń gbé ọmọ ọdún 5 sí 9 dé ọsibítù jù lọ.

Kì í ṣe kòkòrò bí ti inú ẹ̀wà. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ló ń jẹ ṣúgà lẹ́nu, wọn a sọ ọ́ di omi kíkan tí í jẹ eyín. Itọ́ sì máa ń dín kù lẹ́nu ẹni tó sùn, ìdí nìyẹn tí fídà omi ọsàn tí a kì bọ ọmọ lẹ́nu lálẹ́ fi burú tó bẹ́ẹ̀. Àgbo oníṣúgà kò yàtọ̀. Oyin náà ńkọ́? Mo mọ̀ pé Ọ̀ṣun fẹ́ràn oyin. Ṣùgbọ́n kí a máa fi rọ́bà tí ọmọ ń mu kan oyin kó lè dákẹ́, mi ò fara mọ́ ọn. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ tọ́ oyin wò rárá, nítorí májèlé botulism. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ẹ fi í kan ìyá lẹ́nu. Àwọn àgbà kan yóò bínú sí mi. Kí wọ́n bínú.

Eyín yíyọ kì í ṣe àìsàn. Ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná gidi tàbí tó ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ gbé e lọ bá dókítà. Ẹ rántí oògùn eyín yíyọ My Pikin tó pa ọmọ 84, ó kéré tán, ní Nàìjíríà láàárín 2008 sí 2009: kẹ́míkà olóró ló wà nínú rẹ̀.

Ẹnu ìyá gan-an ni àwọn kòkòrò yìí sábà ti ń bọ̀: ó tọ́ ẹ̀kọ wò, ó fi ṣíbí kan náà bọ ọmọ lẹ́nu. Nítorí náà kí ìyá tọ́jú eyín tirẹ̀. NHS kì í gba owó ìtọ́jú eyín lọ́wọ́ aboyún, títí ọmọ fi pé ọdún kan. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 náà kì í sanwó. Ẹ bèèrè ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí. (Rírí dókítà eyín tó ń gba ènìyàn tuntun ni wàhálà, ẹ tètè wá a.)

Ẹ̀yin bàbá, ta ló ń ra súìtì bọ̀ láti ibi iṣẹ́?

Orín ata àti pákò Ìjẹ̀bú wà lápò mi bí mo ti ń kọ èyí, mi ò ní sọ̀rọ̀ wọn láìdáa. Àmọ́ ọmọ ọdún 2 kò lè rún orín, orín kò sì lè ṣe iṣẹ́ fluoride tó wà nínú ọṣẹ ìfọyín. Fún ẹni tí kò tó ọdún 3, kí ọṣẹ náà kàn fara kan búrọ́ọ̀ṣì. Láti ọdún 3 sí 6, bí ẹyọ ẹ̀wà kékeré kan. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Bó bá fọ̀ ọ́ tán lálẹ́, kó tu ìfófòó dànù, kó má fi omi yọ ẹnu, omi lásán nìkan ni kó sì mu títí ilẹ̀ fi máa mọ́.