Mọ́tò Mi Ga, Kòtò Wa Kò Kún

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́: èmi náà ti gbé mọ́tò mi sókè. Corolla 2005 ni, táyà iwájú méjèèjì nìkan ló ń fà á. Sọ́ńpù méjì ni mo ti sin sínú kòtò kan ṣoṣo ní àdúgbò wa ní Ìlobùú, lápá ibi tí ilé wa ti ń kan ilé àwọn ará Ìfọ́n-Ọ̀ṣun. Nígbà tí èkejì fọ́, tí ọ́ìlì dúdú ṣàn sílẹ̀ bí àdín, mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Tíṣà físíìsì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo mọ ohun tí irin lè gbà àti èyí tí kò lè gbà.

Ọmọ Ìfọ́n ni mẹkáníìkì mi, ó sì ti lé lógún ọdún tó ti ń tọ́jú mọ́tò fún mi. Lọ́dún 2025, nígbà tí wàhálà ààlà ilẹ̀ tún bẹ́ sílẹ̀, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kéde kónílé-ó-gbélé ní Ìlobùú, Ìfọ́n àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Òṣogbo. (Ìrẹ́pọ̀dùn sì lorúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tiwa o, ẹ dákun.) Nígbà tí ọ̀rọ̀ rọlẹ̀, èmi ni mo ní kó wá ṣe iṣẹ́ náà nínú ọgbà mi, kí ẹnikẹ́ni má baà dá a dúró lójú títì bi í pé kí ló wá ṣe.

Ó ti ní kí tọ́nà kan gé irin róbótó fún òun, ìnípọn ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ íǹṣì kan ààbọ̀. Sípésà ni wọ́n ń pè é. Orí ṣọ́kì iwájú, níbi tí nọ́ọ̀tì mẹ́ta ti dè é mọ́ ara mọ́tò, ni wọ́n ń fi sí, kó lè jìnnà díẹ̀ sí ara mọ́tò, bí ẹni fi pákó sí abẹ́ ẹsẹ̀ àga. Ẹ̀yìn náà gba tirẹ̀. Nọ́ọ̀tì kan tún wà láàárín àwọn mẹ́ta wọ̀nyẹn, òun ló tóbi jù. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Òun ló há sípírìn mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá tú u láìjẹ́ pé ẹ ti fi irinṣẹ́ tó yẹ de sípírìn náà, yóò ta bí pàkúté, ó sì lè pa èèyàn.

Ọ̀rọ̀ búlọ́ọ̀kù ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Ó ní kí n wá méjì tí òun yóò fi ti abẹ́ mọ́tò. “Màmá, òun ni gbogbo wa ń lò.” Mo ní bóyá nílé ẹlòmíì. Búlọ́ọ̀kù lágbára lára ògiri, níbi tí ẹrù ti tẹ́ lé gbogbo ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí etí irin kan bá gúnlẹ̀ sí ojú kan ṣoṣo lára rẹ̀, kì í kìlọ̀ kó tó fọ́, orí ẹni tó wà lábẹ́ mọ́tò ló sì ń fọ́ sí. Mo gbé kùkùté igi méjì tí káfíńtà gé fún mi jáde. Mo tẹ́ pákó sábẹ́ jáàkì, torí pé ilẹ̀ àgbàlá mi rọ̀, mo sì fi òkúta dí ẹ̀yìn táyà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní tíṣà kì í fẹ̀yìn tì.

Kí a tó dá táyà padà, a wo rọ́bà tó ń gbé omi bírèkì, nítorí ẹsẹ̀ mọ́tò ti gùn sí i, rọ́bà kò gùn sí i. Ní ọjọ́ kejì, mo gbé e lọ ṣe aláìńmẹ́ńtì. Ẹni tó bá fo ìyẹn, etí kan ni táyà rẹ̀ yóò máa jẹ, kò sì ní pẹ́ jẹ tán. A rẹ iná iwájú sílẹ̀ pẹ̀lú, kó má baà máa gún ọlọ́kadà lójú lóru.

Ohun tí n kò fẹ́ kí wọ́n fi tan ẹnikẹ́ni ni pé mọ́tò tó ga ti di jíípù. Rárá o. Táyà méjì náà ló ṣì ń fà á. Bí wọ́n bá bọ́ sínú ẹrọ̀fọ̀ tí wọ́n ń yí lásán, gíga tí ẹ rà yẹn á kàn bá yín dúró síbẹ̀ ni. Ṣáàfù ńkọ́? Bí mọ́tò ṣe ń ga ni ṣáàfù ń tẹ̀ sí i, bí igbọ̀nwọ́ tí kò rójú nà. Bó bá tẹ̀ kọjá ààlà, rọ́bà orí rẹ̀ á ya, gíríìsì á jáde, iyanrìn á wọlé, kò sì ní pẹ́ tí ẹ óò máa gbọ́ kó-kó-kó bí ẹ bá ń yí kọ́nà. Ẹ tún rántí pé ohun tó ga ló ń tètè ṣubú. Ìdí nìyí tí mo fi dúró sí íǹṣì kan ààbọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọ̀dọ́ ń ki mẹ́ta bọ̀ ọ́.

Kì í ṣe òní ni mọ́tò tí táyà méjì ń gbé rìn ti ń ga. Model T tí Henry Ford gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1908 fẹ́rẹ̀ẹ́ fi íǹṣì mẹ́wàá jìnnà sílẹ̀, nítorí ẹrẹ̀ ni ọ̀nà oko wọn nígbà náà. Ìgbà tí ọ̀dà dé ni mọ́tò wọn ń kúrú. Lọ́dọ̀ tiwa, bọ́lẹ̀kájà ga, Pijó 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná lọ́dún 1975 náà sì ga díẹ̀. Táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń tì í, síbẹ̀ ó ń dé oko. Ọ̀nà àwọn tó ṣe Corolla ti dán kí mọ́tò wọn tó kúrú. Àwa ra mọ́tò kúkúrú náà ní tòkunbọ̀, a kò rí ọ̀nà rà mọ́ ọn.

Títí dé ibí yìí, ẹ lè rò pé mò ń yin ara mi. Kí n tó gbé mọ́tò sókè, èmi ni mo máa ń kan ilẹ̀kùn àwọn èèyàn ní àárọ̀ Sátidé pé ẹ jáde, ẹ gbé ṣọ́bìrì, ẹ jẹ́ ká da òkúta sí kòtò yìí kí òjò tó dé. Mo ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ìyà ń jẹ, torí ìyà ń jẹ mí lóòótọ́. Láti ọjọ́ tí sípésà ti wọlé, n kò kan ilẹ̀kùn ẹnì kankan mọ́. Kò sẹ́ni tó sọ pé kí n má lọ. Mo kàn gbàgbé ni. Mọ́tò mi ń kọjá, kò sì dún gbà mọ́ mi lábẹ́. Ní àdúgbò tí ẹni tó bá kọ́kọ́ da òkúta sílẹ̀ ti lè di ẹni tó ń fa ààlà, ó rọrùn láti gbàgbé.

Ìyá elépo tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún ilé mi ló jí mi. Kẹ́ẹ̀gì epo rẹ̀ já lẹ́yìn ọ̀kadà nínú kòtò náà, epo pupa bo gbogbo òkúta. Mo dé bá a níbẹ̀, mo yọ orí lójú fèrèsé, mo ní pẹ̀lẹ́. Ó gbójú sókè wò mí, ó ní, “Màmá tíṣà, ẹ ti di ará òkè.”

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn lọ, mo rò ó bọ̀. Ẹ̀yin tí agbára yín ká sípésà, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa tí a lè gbé mọ́tò sókè náà ni a lè sanwó tírélà òkúta kan, àwa náà ni wọ́n ń dá lóhùn ní ìpàdé onílé. Bí a bá ti ga tán tí a sì dákẹ́, ọlọ́kadà àti ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ló kù tí yóò máa pariwo kòtò. Ohun tí mo wá ń ṣe báyìí ni pé ọjọ́ tí mẹkáníìkì bá wá wo ṣáàfù mi ni ọjọ́ iṣẹ́ kòtò.

Ní Sátidé tó kọjá, ó yẹ abẹ́ mọ́tò wò, ó ní rọ́bà ṣáàfù kò tíì ya. Ó bi mí bóyá kí òun fi íǹṣì kan kún un. Mo ní kó lọ mú ṣọ́bìrì lẹ́yìn ilé. A rìn dé etí kòtò, ìyá elépo ti wà níbẹ̀, àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin kan náà ti ń fi bárò kó òkúta bọ̀. Mẹkáníìkì mi wo ọ̀tún, ó wo òsì.

“Màmá, apá ibo ni kí n dúró sí?”

Mo ní kó bọ́ sí ibi tó jìn jù.